Irin Eléyín Arúgbóṣoge

"Ta ló gbé fúláíwíìlì mi?"

Bàbá mi ló bèèrè. Ó dúró láàárín ọgbà wa ní Omifunfun, ó ti da gbogbo ohun tó wà nínú àwọn àpò kòkó rẹ̀ sórí tapólín, ó wo ìyá mi, ó wo èmi, ó wo Samson tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ó sì wo Àzíìz tó ń tún gíà ṣe. Ẹnikẹ́ni ò fọhùn. Ewúrẹ́ kan gbójú sókè, kò rí ohun tó kàn án nínú ọ̀rọ̀ náà, ó padà sídìí èèpo ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní òdìkejì ọ̀nà dún, gbọ̀ọ̀n, gbọ̀ọ̀n, gbọ̀ọ̀n, pé àdúrà ìrọ̀lẹ́ ti tó. Ìyá mi wé gèlè, ó lọ. Samson, tó ń wá ọ̀nà àtisá fún ìbéèrè náà, rántí lójijì pé onígbàgbọ́ ni òun, ó tẹ̀ lé e.

Fúláíwíìlì kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fojú fò dá. Irin rìbìtì ni, ó fẹ̀ tó àwo ńlá tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò, ó wúwo bí ọlọ, eyín wẹ́wẹ́ sì yí etí rẹ̀ ká bí eyín ayùn. Ìdí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń dè é mọ́, gíà á sì wá fara tì í láti ẹ̀yìn. Tí ènìyàn bá yí kọ́kọ́rọ́, sítátà á fi eyín tirẹ̀ há ti irin náà, á yí i, ẹ́ńjìnnì á jí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì àti gíà á kàn máa wo ara wọn bí tọkọtaya tó jà ní àárọ̀.

Arúgbóṣoge ni orúkọ ọkọ̀ náà. Ìyá mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ara rẹ̀ ti ń gbó tó ni bàbá mi ń kùn ún ní ọ̀dà tó. Ọkọ̀ gígùn ni, ó ní ìlà àga mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn, àga ẹ̀yìn pátápátá sì kọjú sí ọ̀nà tí a ti kọjá. Ṣáájú kí wọ́n tó bí mi ni bàbá mi ti ń fi í ná Ore sí Omifunfun sí Ararọ̀mí-Obu. Kòkó ló ń kó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń kó, epo pupa ló ń kó, aboyún tí ọmọ ń mú náà ló ń gbé. Èmi gan-an, inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, níbi tí ọ̀nà ti yà sí Ararọ̀mí. Ìyá mi ní bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀ báyìí, bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó jó yí ọkọ̀ po, ó padà wọlé, ó sì ń bá ìrìn lọ, àwọn èrò tó kù sì sanwó wọn pé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń jẹ́ Ìyìn.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni ọkọ̀ náà dákú. Gíà kẹta kọ̀, kò wọlé mọ́. Kí bàbá mi tó mọ ohun tí yóò ṣe sí ìyẹn, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í tu èéfín bí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Okùn ni wọ́n fi fà á dé ṣọ́ọ̀bù Samson ní Ore. Samson tú ẹ́ńjìnnì, ó pe Àzíìz kó wá tú gíábọ́ọ̀sì, àwọn méjèèjì sì fẹnu kò pé ohun tí yóò ná bàbá mi láti tún un ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí yóò fi ra òmíràn.

Ní Ore lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n bá tú ọkọ̀ ẹni palẹ̀, olóhun kì í fi ohun tí wọ́n tú sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe pé olè ni àwọn mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan tó gbé ọkọ̀ tó dára lọ fún wọn, tó sì gbà á padà pẹ̀lú ìfun ọkọ̀ ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti ń tú u ni olóhun ń kó o sápò. Bàbá mi fi ọ̀kadà kó Arúgbóṣoge wálé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kó iṣu láti oko, ó sì tò ó sábẹ́ pẹpẹ tí a ti ń sá kòkó. Samson kò bínú sí i. Òun náà, tó bá gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe, ó máa ń gbé àga lọ jókòó tì í ni.

Láti rówó tún ọkọ̀ ṣe, bàbá mi lọ ń wa tírélà fún ọkùnrin kan ní Ṣàgámù. Sìmẹ́ńtì ló ń kó lọ sí Kánò. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la máa ń rí i, tó bá sì dé, oorun ló ń sùn. Èmi wà ní Àkùngbá nígbà náà, mò ń ka ìṣirò ní yunifásítì. Ìyá mi a máa jí lọ ta búrẹ́dì ní ìkóríta Ore títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá bàbá mi, Màmá Àìná, ló ń ṣọ́lé, ló ń sá kòkó, ló ń lé ewúrẹ́.

Lọ́dún yìí, bàbá mi dé pẹ̀lú owó. Ó ra ohun tí Samson ní kó rà, ó ra èyí tí Àzíìz ní kó rà, ó fa òkú ọkọ̀ náà láti Ore wá sí ọgbà wa, ó sì bẹ àwọn méjèèjì kí wọ́n máa bọ̀ wá dè é pọ̀ níbẹ̀. Inú ìyá mi kò dùn. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn Arúgbóṣoge, ṣùgbọ́n adìyẹ rẹ̀ mẹ́fà ti ń yé sí àga ẹ̀yìn ọkọ̀ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti fà á dé. Ó ní láti ọdún tí òun ti mọ ọkọ̀ yẹn, kò mówó wálé déédéé tó bí ìgbà tí adìyẹ gbà á.

Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an ni pé ọ̀gá tírélà kò dúró de bàbá mi. Ó ti sọ fún un pé tí kò bá padà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun yóò fi ọkọ̀ náà fún ẹlòmíràn. Bàbá mi kò fẹ́ padà. Ó fẹ́ máa sùn sórí ibùsùn ara rẹ̀, ó fẹ́ máa gbé àwọn ará Omifunfun lọ sí Ore bó ṣe ń gbé wọn tẹ́lẹ̀. Ìyá mi náà fẹ́ kó wà nílé, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa wo owó tó ń wọ inú irin tí kò jáde. Wọ́n wá fẹnu kò síbì kan. Bí Arúgbóṣoge bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde kúrò ní ọgbà kó tó di ọjọ́ Ajé lẹ́yìn Ìkórè, bàbá mi yóò pe ọ̀gá Ṣàgámù pé ó dàbọ̀. Bí kò bá jáde, Luqman tó ń ra irin kóńdẹ̀mù káàkiri yóò wá gbé e, bàbá mi yóò sì padà sórí tírélà.

Ọjọ́ tí ìbéèrè yẹn jáde lẹ́nu bàbá mi, Ìkórè kù díẹ̀. Ohun gbogbo ti wà nílẹ̀. Fúláíwíìlì nìkan ni kò sí.

Tí ẹ bá fún mi ní okùn tó lọ́jú pọ̀, oúnjẹ mi á tutù. Bó ṣe wà lára mi nìyẹn láti kékeré. Inú mi dùn sí fúláíwíìlì tó sọnù yìí ju bó ṣe yẹ kó dùn lọ. Irin tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kò lè rìn. Ẹnì kan ló gbé e. Ẹni tó gbé e ní láti wọ ọgbà wa, ẹni tó bá sì wọ ọgbà wa ní láti kọjá níwájú Bàbá Jésùtọ́pẹ́, alágogo ṣọ́ọ̀ṣì, tí kì í kúrò lábẹ́ igi fúrúùtù tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà wa láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ní ọ̀rọ̀ ti tán. Mo sọdá lọ bá a.

Mo kí i, mo fara ti igi, mo ro ẹjọ́ fún un. Ó fi ọ̀pá irin tó fi ń lu agogo họ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ronú títí. Ó ní òun kò rí olè kankan tó wọ ọgbà wa. Ṣùgbọ́n ó ní kí n má fojú fo àwọn oní-kóńdẹ̀mù. Ó ní ṣebí àwọn ni wọ́n jí agogo ìjọ gbé ní òjò èṣí, ríìmù ọkọ̀ ńlá kan tó ti wà lórí igi yìí láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìjọ sílẹ̀. Ìjọ jí láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, okùn nìkan ló ń fì.

"Ẹni tó lè jí agogo Ọlọ́run," ló wí, "kí ni kò ní jí?"

Mo dúpẹ́. Nígbà tí mo fi máa délé, ẹfun tí àwọn ọ̀dọ́ fi kun igi náà nítorí Ìkórè ti kun ẹ̀yìn ẹ̀wù mi. Àṣé wọn kò fẹ́ kí ohunkóhun ṣẹ́kù: ìdí igi, òkúta, àga, agogo, gbogbo rẹ̀ funfun báláú. Ìyá mi ní kí n bọ́ ẹ̀wù náà kí n tó jókòó. Èmi kò tilẹ̀ jókòó. Mo gun ọ̀kadà, ó di Ore, ó di ọ̀dọ̀ Luqman.

Luqman ń jẹ ẹ̀wà lórí òkìtì irin rẹ̀ bí ọba tó jókòó sórí ìtẹ́. Mo rọra bi í léèrè, mo fi ọ̀rọ̀ yí ọ̀rọ̀ po kó má baà mọ̀ pé òun ni mo fura sí. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Ìyìn, mi ò kàwé tó ẹ, ṣùgbọ́n jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò yìí. Ọkọ̀ tó máa di tèmi ní ọjọ́ Ajé. Ṣé màá wá jí ojú rẹ̀ gbé kí n tó gbé orí?"

Ó ní kí n wo òkìtì náà bó bá wù mí. Mo wò ó. Mo yí gbogbo rẹ̀ padà títí ọwọ́ mi fi dúdú. Mo rí ìdajì kẹ̀kẹ́, mo rí ìlẹ̀kùn fìríìjì, mo rí àwọn ríìmù ọkọ̀ ńlá tó tò lé ara wọn, n kò rí irin eléyín. Luqman bu ẹ̀wà fún mi. Ó ní ẹni tó bá bá òun to irin láìgbowó kò gbọdọ̀ fi ebi lọ.

Luqman ti kúrò lára àwọn tí mo fura sí. Ó wá ku àwọn mẹkáníìkì.

Samson àti Àzíìz ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ọjọ́ kan tí wọn kì í bú ara wọn. Samson gbà pé ẹ́ńjìnnì ni ọkọ̀, ohun yòókù ẹrù ni. Àzíìz gbà pé ẹ́ńjìnnì tí kò ní gíà, ẹ̀rọ ata ni. Nígbà tí mo dé, wọ́n wà lábẹ́ Arúgbóṣoge, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló yọ síta, mi ò sì mọ ti ta ni èwo. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ta ló tú fúláíwíìlì lọ́jọ́ náà?

"Ara ẹ́ńjìnnì ló wà," ni Àzíìz wí. "Bi ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni gíà ń sinmi sí," ni Samson wí. "Bi ẹni tó ń fẹ̀yìn tì."

"Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ. Ẹ́ńjìnnì rẹ ń mu epo bí ẹni tó ń mu ẹmu níbi ìsìnkú, ìwọ ń wá ẹni tó fẹ̀yìn tì."

"Gíà tìrẹ ńkọ́? Ó wọlé sí ẹ̀yìn nígbà tí bàbá yìí fẹ́ lọ síwájú. Èrò méjì ló bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní àwọn ò bá àǹjọ̀nú rìnrìn àjò."

Bàbá mi, tó ń fọ pọ́ọ̀gì nítòsí, bú sẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni, pé ọ̀kan nínú wọn kò tíì san owó ọkọ̀ rẹ̀ títí di òní. Ó ní fúláíwíìlì kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn, pé òun fúnra òun ló gbé e lórí ọ̀kadà wálé, ó wà lórí itan òun, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gé òun lẹ́sẹ̀. Ó ní abẹ́ pẹpẹ kòkó ni òun tò ó sí pẹ̀lú àwọn yòókù.

Gbogbo ohun tí mo ti rò wá wó. Ohun tó dé ọgbà wa kò sí ní ọgbà wa, a kò sì rí ẹni tó gbé e jáde.

Bàbá mi kò jókòó ti àlọ́ mi. Ó lọ sí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ore láti ra òmíràn. Ó gbé ọ̀kan bọ̀, ayọ̀ kún ojú rẹ̀, Samson sì fi í sídìí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ohun tí a gbọ́ dà bí ìgbà tí ajá méjì ń du egungun. Eyín rẹ̀ kò bá ti sítátà mu. Ó dá a padà, ó gba òmíràn, ìyẹn kò tilẹ̀ wọ ojú bóòtù. Ẹni tó ń tà á wá là á yé e pé ọkọ̀ rẹ̀ ti pẹ́ jù, pé àwọn tó ń kó tòkúnbọ̀ wọlé kì í tà á lọ́tọ̀ mọ́, àfi kó ra odidi ẹ́ńjìnnì. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn dé ìkóríta kó tó gun ọ̀kadà. Nígbà tó délé, kò kọrin bó ṣe máa ń ṣe. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré mọ́.

"Ṣé ẹ ti bi Màmá Àìná?" ni ìyá mi wí bó ṣe ń gé ẹ̀fọ́.

Màmá Àìná wà ní Odigbo. Àbúrò rẹ̀ ní ọmọ-ọmọ tuntun, ọmọ náà ló sì lọ ń wẹ̀ fún wọn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ni Màmá Àìná mọ̀ nípa fúláíwíìlì? Obìnrin tó ń pe gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀ ní irin. Mo tún ní fóònù rẹ̀ kò ní iná láti ọjọ́ tó ti lọ. Ìyá mi gé ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ.

"Èmi kàn bèèrè ni," ló wí. "Gbogbo ọkùnrin tó wà láti ibí dé Ore lo ti bi."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Ìkórè, Samson àti Àzíìz kó súpánà wọn sápò. Iṣẹ́ wọn ti parí. Ẹ́ńjìnnì ti dára, gíà ti dára, àyè fúláíwíìlì nìkan ló ṣófo láàárín wọn. Bàbá mi sanwó wọn, ó dúpẹ́, ó sì pè wọ́n síbi Ìkórè. Samson ní òun ń bọ̀. Àzíìz ní òun náà ń bọ̀, pé òun kò wá gbọ́ ìwàásù o, ṣùgbọ́n ìrẹsì kò lẹ́sìn.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, bàbá mi pọn omi, ó lé adìyẹ kúrò, ó fọ Arúgbóṣoge. Ó fọ̀ ọ́ nínú, ó fọ̀ ọ́ lóde, ó fi àkísà nu gíláàsì títí mo fi rí ìyá mi nínú rẹ̀ bó ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò sí ẹni tó sọ pé kó má fọ̀ ọ́. Nígbà tó parí, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi í lé ìyá mi lọ́wọ́. Ìyá mi wò ó, ó dì í mọ́ ìdí aṣọ rẹ̀.

"Ilẹ̀ ò tíì mọ́ ọjọ́ Ajé," ló wí, ó sì wọlé lọ gún iyán.

Ìkórè wa ní Omifunfun kì í ṣe ìpàdé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Láti ìdájí ni àwọn èèyàn ti ń dé láti oko. Ẹlòmíràn ru iṣu, ẹlòmíràn fi alùpùpù gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì tó so mọ́ ẹ̀yìn bí ìyẹ́. Àwọn àgbàtọ́jú oko láti inú igbó, tí wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn tí wọ́n ń bá àwọn olóko wa ṣe kòkó, gbé agbọ̀n kòkó gbígbẹ kan wá tó ń dán bí bàtà tuntun. Akọrin ti ń jà lórí ẹni tí yóò ṣáájú. Samson wọ kóòtù. Àzíìz jókòó sí etí àtíbàbà, níbi tí òórùn ìrẹsì ti ń fẹ́ wá. Luqman náà dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀, ríìmù kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní òun kò wá fún nǹkan kan, òun kàn fẹ́ wo bí òun yóò ṣe rí ọ̀nà gbé ọkọ̀ náà jáde lọ́la. Ìyá mi fún un ní àga. Bàbá mi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì bèèrè àlàáfíà ilé rẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn.

Màmá Àìná sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láti Odigbo nígbà tí àwọn akọrin ń tò. Ó gbé àkùkọ kan sábẹ́ abíyá. Ó fi ohùn Ìkálẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi àkùkọ náà lé mi lọ́wọ́ láìbèèrè bóyá mo fẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ rèé, odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ilé wa ti wà léjìká mi. Ibi tí mo dúró sí, lábẹ́ igi fúrúùtù, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lápá kan àti àkùkọ lápá kejì, n kò lè lọ síwájú, n kò lè lọ sẹ́yìn.

Bàbá Jésùtọ́pẹ́ wọ aṣọ àlà. Ó gbé ọ̀pá irin rẹ̀ sókè, ó lu agogo kí àwọn èèyàn lè máa wọlé.

Gbọ̀ọ̀n.

Èérún ẹfun kan já bọ́ láti òkè, ó bà lé imú àkùkọ. Àkùkọ gbọn orí.

Gbọ̀ọ̀n.

Òmíràn já bọ́ lé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo gbójú sókè kí n lè wo ibi tó ń ti wá.

Agogo náà ń yí lórí okùn rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi aṣọ tuntun han ènìyàn. Ẹfun ọdún yìí ti ń ṣí kúrò ní etí rẹ̀, irin dúdú sì ti ń yọjú. Níbi tó ti ṣí, etí rẹ̀ kò dán. Ó rí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó rí bí eyín ayùn. Ó yí, oòrùn sì gba inú ihò bóòtù àárín rẹ̀ kọjá, ọ̀kan, òmíràn, òmíràn, yípo.

Ìgbà náà ni mo rántí pé lọ́jọ́ tí bàbá mi bèèrè ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnì kan dá a lóhùn. Ó dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta láti orí igi yìí.

Mo ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀. Àkùkọ ju ara rẹ̀ sílẹ̀. Mo ké pe bàbá mi, gbogbo ìjọ sì yíjú, nítorí pé ní ibi ìtò àwọn akọrin, ẹnikẹ́ni kì í ké bẹ́ẹ̀ àfi tí ejò bá bọ́ láti orí igi. Bàbá mi sáré dé, ó wo ojú mi, ó wo ibi tí mo nawọ́ sí. Ẹnu rẹ̀ là. Samson dé lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ìka ra etí irin náà, ó ní eyín rẹ̀ pé, kò sí ọ̀kan tó ká, àárín ni wọ́n ti ń lù ú. Àzíìz ti fi àwo ìrẹsì sílẹ̀, ó ti ń wá àga tí yóò gùn.

"Ẹ ní sùúrù," ni Bàbá Jésùtọ́pẹ́ wí, ó fi ọ̀pá dí wọn lọ́nà. "Agogo ìjọ nìyí. Ìyá àgbà yín ló fún wa."

Gbogbo wa wo Màmá Àìná. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Irin tí mo fi ń tẹ tapólín kòkó mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e," ló wí. "Wọ́n jí agogo gbé, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní irin tó ń dún gbé e wá. Mo lù ú wò. Ó dún. Ṣé kí n wá máa kéde ohun tí mo fún Ọlọ́run ni?"

Ìyá mi kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ Ìkórè rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó ń wá kọ́kọ́rọ́. Luqman mi orí, ó wo Arúgbóṣoge ní òdìkejì ọ̀nà, tó ń dán nínú oòrùn, ó wò ó bí ẹni tó ń dágbére fún àfẹ́sọ́nà. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé ríìmù ńlá kan sọ̀ kalẹ̀, ó yí i wá sábẹ́ igi, ó sì fi bàtà gbá a kí Bàbá Jésùtọ́pẹ́ lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Bàbá mi kò wò wọ́n. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó gbá fúláíwíìlì rẹ̀ mú ní etí, ó sì fà mí mọ́ra kí èmi náà lè fọwọ́ kàn án. Irin náà ṣì ń gbọ̀n.